Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ní N Kò Mọ Nǹkan Kan

Ẹnikẹ́ni kò gbé mi ṣánlẹ̀ rí bí ìyá ọkọ mi ṣe gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́wọ́ sókè, kò sì pariwo. Orí àga ló jókòó sí, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kí ará ilé rẹ̀ káàárọ̀. Mo ti darúgbó báyìí. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, àyà mi ṣì ń já.

Ẹ forí jì mí bí ẹ bá rí i tí mo ń pe ìyá ọkọ mi ní "ó" nínú ìwé. Bó bá wà láàyè, n kò jẹ́ dán an wò. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mìíràn ń bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ ọn.

Òmù-Àrán ni wọ́n gbé mi níyàwó wá. Ilé tí mo bọ́ sí, ilé oníṣọ́ọ̀ṣì ni, ilé òwú sì ni pẹ̀lú. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń roko, àwọn mìíràn ń ṣe tíṣà. Àwọn obìnrin ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn, tí èèyàn lè fi bora nígbà ọyẹ́ kó má sì gbọ̀n. Òfì tiwa kì í ṣe irú èyí tí ọkùnrin ń jókòó sí tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìnàró ni tiwa. A óò gbé e ti ògiri, a óò jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a óò wá máa fi apásà lu òwú náà kó lè le. Apásà yìí, igi pẹlẹbẹ kan ni. Èyí tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ti dán bí ojú omi nítorí ọwọ́ àwọn tó ti lò ó tí wọ́n ti kú.

Mo ti kàwé díẹ̀ kí n tó lọ́kọ. Mo jáde ìwé méje, nítorí abẹ́ Àríwá la wà nígbà náà, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Tíṣà ni mo fẹ́ dà. Ọkọ ló dé, òwú tẹ̀ lé e, ọmọ tẹ̀ lé òwú. Kí n tó jí, mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ òwú. Bí mo bá hun ún dáadáa, á ní, "Hùn." Bí n kò bá hun ún dáadáa, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn tú u. Kíjìpá àkọ́kọ́ tí mo hun parí, aláró pẹ̀lú funfun ni, etí rẹ̀ kan sì wọ́ díẹ̀. Ó nà án sí oòrùn, ó wò ó títí.

"Èyí náà, aṣọ ni wọ́n ń pè é?"

"Aṣọ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Màá bá ọ wá afọ́jú kan lọ́jà Àjàṣẹ́, màá tà á fún un."

Ó ká aṣọ náà, ó gbé e wọ yàrá, n kò sì tún fojú kàn án mọ́. Mo gbà pé ó rí afọ́jú náà.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, baba àwọn ọmọ mi padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, a dúpẹ́. Mọ́tò àwọn ológun ló ń tún ṣe ní gbogbo ìgbà tó fi wà lójú ogun. Wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, Ìlọrin ti di ibùjókòó ìjọba, ilé-ìwé sì ń hù káàkiri bí olú nígbà òjò. Ilé-ìwé ń hù, olùkọ́ kò hù. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí lọ́dọ̀ wa. Bí èèyàn bá ti ṣiṣẹ́ ọwọ́ fún ọdún púpọ̀, ì báà jẹ́ lójú ogun, ì báà jẹ́ nílé baba rẹ̀, wọ́n lè ka iṣẹ́ náà sí ẹ̀kọ́ fún un, kó fò kọjá kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, kó lọ jókòó sí ti ìkẹyìn.

Báyìí ni ilé-ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Ìlọrin ṣe gba ọkọ mi. Nígbà tó wálé láti sọ fún wa, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

"Ta ló sọ fún wọn pé ẹ mọ iṣẹ́ náà?" mo bi í.

"Ọ̀gá sójà kan ló bá mi kọ ọ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ mí dáadáa. Ó ní ẹni tí mọ́tò rẹ̀ gbé òun kọjá odò tí òun kò kú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́."

Ìyá rẹ̀ tó ń rànwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò gbójú sókè. "Ṣé kì í ṣe mọ́tò yẹn náà ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ tí ẹ fi fẹsẹ̀ rìn ọ̀sẹ̀ kan?"

"Ìyá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

Ọkọ mi ló sọ fún mi pé wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn obìnrin tí yóò máa kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n kò lè wọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún mi ni kí wọ́n ka òwú mi sí ẹ̀kọ́. Bí wọn kò bá kà á, ilẹ̀kùn náà tì títí ayé nìyẹn. Àwọn tó ń yẹni wò yóò dé Òmù-Àrán, wọn yóò sì kọjá sí Èsìẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí kálukú mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, kó sì mú ẹni tó kọ́ ọ wá láti jẹ́rìí sí i.

Ẹni tó kọ́ mi nìyí tó ń rànwú yìí. Òun náà ni ẹni tí àwọn ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo bá lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

Títí ọjọ́ fi pé, kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá wo ojú rẹ̀ bóyá ó gbà, bóyá kò gbà. N kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn káńsù ni wọ́n ti pè wá jọ. Òyìnbó obìnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì, ooru ti mú un, ṣùgbọ́n ó ń fi sùúrù bá kálukú sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìlọrin kan tó wọ fìlà funfun jókòó tì í, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣáájú mi jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Rore, tó ń ránṣọ fún wọn ní bárékè. Ó na ìwé sójà rẹ̀ síwájú, òyìnbó kà á, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó parí. Bó ṣe ń jáde, ó bojú wo ẹrù aṣọ tó wà lórí mi.

"Ìyàwó, gbogbo èyí lo rù wá?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ náà ì bá ti lọ sójú ogun. Ìwé kan péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rín kẹ́yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo tú ẹrù mi. Òyìnbó náà fọwọ́ pa aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ Ìlọrin yíjú sí ìyá ọkọ mi.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní báwo ni iṣẹ́ náà ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí?"

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wò mí, ó wò wọ́n. Ó wá rọra tẹ orí ba láti orí àga, bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ tí eékún kò gbà fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrìn. Ọmọ yìí, kò mọ nǹkan kan. Kò gbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kò yá, à ń fara dà á lásán ni. Ohun tí kò mọ̀ pọ̀ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ẹ bá wa kọ́ ọ."

Mo rò pé etí mi ló dì. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin yíjú sí òyìnbó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìwé méje tí mo kà kò jẹ́ kí n bọ́ níbẹ̀. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ òyìnbó dúró lórí aṣọ. Ó bi í ní nǹkan kan.

"Màmá, wọ́n ní ṣé òun gan-an ló hun àwọn aṣọ wọ̀nyí?"

"Ó ń gbìyànjú," ìyá ọkọ mi dáhùn.

Ojú òyìnbó náà yí padà. Kì í ṣe ìbínú. Àánú ni, ìyẹn ló sì burú jù. Ó sọ fún mi pé ó dun òun, pé bí ẹni tó kọ́ mi bá ní n kò tíì mọ̀ ọ́n, òun kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ń ká aṣọ mi, ó ń já bọ́, ọmọ Ìlọrin wá dìde láti bá mi dì í.

Mo ń tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé obìnrin yìí kò fẹ́ kí n lọ, pé ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá kó lè rí ibi tí yóò ti pa mí. Òun ní tirẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá. Ó dúró ra àkàrà, ó já a sí méjì, ó na ìlàjì sí mi.

"Jẹun, ìyàwó. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí o máa bọ̀?"

Mo dúró. "Ìyá, ọjọ́ wo ni kí n máa bọ̀ níbo?"

"Nílé-ìwé náà. Àbí kí ni a tìtorí ẹ̀ wá?"

"Ẹ ti sọ fún wọn pé n kò mọ nǹkan kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti fà ọ́ lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn." Ó bu àkàrà jẹ. "Kí ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń fi ọmọ fúnni? Ṣé wọ́n ń pọ́n ọn ni? Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ gbé ọ wá bá mi, kí ni ìyá tó bí ọ sọ?"

Mo rántí. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi kúnlẹ̀ sí. "Ọmọ wa rèé o. Kò mọ nǹkan kan, kò gbọ́n. Ẹ bá wa kọ́ ọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá a wí, ẹ fi òsì fà á mọ́ra." Nínú ìbòrí mi ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì sunkún, nítorí gbogbo ìyàwó ló ń sunkún níbẹ̀.

"Ìyá rẹ ní o kò mọ nǹkan kan," ìyá ọkọ mi ní. "Ṣé mo dá ọ padà?"

 Mo jókòó sórí òkúta kan létí ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohun tí mo kà sí ikú, òun ni gbígbà tó gbà pé kí n lọ. Obìnrin yìí ti fà mí kalẹ̀ fún ìjọba bí ìyá ṣe ń fa ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ fún ọkọ.

Mo wá ṣàlàyé fún un pé a ti pàdánù àyè náà, pé ohun tí èèyàn bá sọ níbẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà. Àkàrà dúró lẹ́nu rẹ̀. 

"Wọn kò fi ọmọ fọ́kọ rí ni?" ó bi mí nígbẹ̀yìn.

"Òyìnbó ni, Ìyá."

"Ọmọ Ìlọrin yẹn ńkọ́? Òyìnbó ni òun náà?"

"Ohun tí ẹ sọ ló sọ fún un."

"Ó sọ ọ́. Kò sọ ohun tí mo wí."

 Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbálẹ̀ tán, ó ti wọṣọ, ó sì ti di ẹrù kékeré kan tó fẹ́ rù. Ó ní kí n fa àwọn ọmọ lé ìyàwó àbúrò ọkọ mi lọ́wọ́, Èsìẹ́ là ń lọ. Mo fẹ́ gba ẹrù náà lórí rẹ̀, kò jẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé wa dé ìlú Ọ̀rọ̀, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ ṣáà sọ pé mo mọ̀ ọ́n."

"Kí n yìn ọ́ lójú rẹ? Kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ? Kí ọwọ́ rẹ gbẹ sára òwú?"

"Ìyá, kristẹni ni wá."

"Kristẹni náà ń lo ọwọ́."

A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n kó àwọn ère òkúta sí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn, pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ síbẹ̀. "Àwọn náà ti bi èèyàn ní ìbéèrè jù, ó dá mi lójú." Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Kíláàsì kan ni wọ́n ti ń ṣe é ní Èsìẹ́. Ọmọ Ìlọrin ló kọ́kọ́ rí wa, ó dìde sí ẹnu ọ̀nà.

"Àlìhámúdù. Màmá, ẹ tún ti padà wá bú u ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti níyàwó?"

"Rárá o, Màmá."

"Mo mọ̀."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e. Ó yíjú padà.

"Ìwọ, jáde."

"Ìyá, èmi ni ọ̀rọ̀ kàn."

"Ìdí tí mo fi ní kí o jáde nìyẹn. Lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn. Ọmọ Ìlọrin, ti ilẹ̀kùn."

Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀rù ń bà mí ju ti àná lọ, nítorí lánàá, mo gbọ́ ohun tó pa mí. Mo ń ronú pé kò ní lè ṣe é. Ẹni tí kò yìn mí láti ọjọ́ tí mo ti délé rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, báwo ni yóò ṣe wá rí i lójú àlejò? N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà kan, mo gbọ́ ohùn ọmọ Ìlọrin, ó dákẹ́ láàárín, ó wú ikọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, òyìnbó obìnrin náà ló kọ́kọ́ jáde. Ó gbé aṣọ kan sórí ọwọ́ méjèèjì bí èèyàn ṣe ń gbé ọmọ tuntun. Aláró pẹ̀lú funfun. Òórùn káńfọ̀ ń jáde lára rẹ̀. Etí rẹ̀ kan wọ́.

Mo dúró gbagidi, mo rò pé èmi náà ti di ọ̀kan nínú àwọn ère Èsìẹ́. Aṣọ tí mo ti gbà pé afọ́jú kan ń fi bora ní Àjàṣẹ́.

Òyìnbó náà sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí n wá sí Ìlọrin nígbà tí wọ́n bá wọlé, kíláàsì ìkẹyìn, òun yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé aṣọ náà padà fún ìyá ọkọ mi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Mo fa ọmọ Ìlọrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Ìyá sọ?"

Ó mi orí. "Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́." Ó wo ẹ̀yìn bóyá Ìyá ń gbọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n má sọ ti aṣọ. Wọ́n ní kíjìpá ló kún ilé àwọn, tiwọn, ti ìyá wọn, ti ìyá ìyá wọn. Èyí ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ pé kí wọ́n fi sin àwọn."

Mo yíjú wo aṣọ náà lọ́wọ́ Ìyá. 

A rìn padà sí Ọ̀rọ̀, ó wà níwájú, mo wà lẹ́yìn.  Nígbà tó pẹ́, mo ní:

"Ìyá, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní o kò mọ nǹkan kan."

Ó tún rìn díẹ̀.

"Etí aṣọ yẹn ṣì wọ́ o."

Mo lọ sí Ìlọrin. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sanra. Mo di tíṣà, mo sì kọ́ ọmọbìnrin púpọ̀ ní òwú kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ni mo ń bi í ní ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà ló sì ń fún mi, títí ó fi kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ mú aṣọ náà jáde nínú àpótí. Wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wọlé. Mo nà án lé e lára láti àyà dé ẹsẹ̀. Mo wá di etí tó wọ́ náà mú, mo fà á síbí, mo fà á sọ́hùn-ún, bóyá yóò tọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí.

Kò tọ́.